Olú-ìlú ta ni? Ìtàn Lọ́kọ́jà nínú kíláàsì kan ní Ìjùmú

Ọmọkùnrin kan ló nawọ́ sókè lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí agogo ìlọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ó ní, "Má, bàbá mi ní Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú Nàìjíríà àkọ́kọ́. Èwo ni ká mú nínú tiyín àti tiwọn?" Tísà náà, ọmọbìnrin tó ń lo ọdún kẹta lẹ́nu iṣẹ́, dá a lóhùn pé bàbá rẹ̀ ṣì í gbọ́, Èkó ni. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi tún un ṣe.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ni mo ń kọ èyí fún, pàápàá àwọn tó wà lágbègbè wa níbí, láti Kàbbà dé Ìyàrà, dé Mọ́pà, dé Ìsánlú, dé Ẹ̀gbẹ̀. Mo kọ́ ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní báyìí mo máa ń bá àwọn tísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ jókòó nígbà tí iṣẹ́ bá lọ́jú pọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tísà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló ní kí n kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dárúkọ iléèwé rẹ̀, ìlú náà á sì wà láìlórúkọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀

Kíláàsì SS2 ni, akẹ́kọ̀ọ́ 41. Ọmọ Okun ló pọ̀ jù nínú wọn: ọmọ Ìjùmú, ọmọ Owé díẹ̀, ọmọ Bùnú méjì. Ọmọ Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀, ọmọ Ìgalà mẹ́ta, ọmọ Íbò kan tí bàbá rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò, àti ọmọbìnrin Nupe kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà. Ẹ fi ọmọbìnrin yìí sọ́kàn, nítorí òun ló tú ọ̀rọ̀ náà, òun náà ni a sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe léṣe.

Wọ́n ti ní kí iléèwé náà mú iṣẹ́ wá fún ìdíje kan láàrin àwọn iléèwé: kí àwọn ọmọ wá sọ ìtàn Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí wa, kí wọ́n gbé àwòrán àti ìwé tí wọ́n kọ wá pẹ̀lú. Ó dùn mọ́ tísà nínú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn kò kọ́ ìtàn rí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ọdún tí wọ́n yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ iléèwé kékeré ló bá wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Lọ́kọ́jà, ẹnu òbí àti rédíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Nàìjíríà, gbé, orí òkè Patti ni ìyàwó rẹ̀ ti fún Nàìjíríà lórúkọ.

Ó kọ ọ́ sójú pátákó: Lọ́kọ́jà kò jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà rí. Ó fà á nílà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, bàbá ọmọ náà dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó wọ agbádá funfun, ó ká kàlẹ́ńdà kan mọ́ abíyá. Àwòrán ibi tí odò méjèèjì ti pàdé ló wà lára kàlẹ́ńdà yẹn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú Nàìjíríà àkọ́kọ́. Kò bínú, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní o sọ fún ọmọ mi pé irọ́ ni mò ń pa." Tísà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. N kò pe irọ́. Mo ní ẹ ṣì í gbọ́ ni." Bàbá ní, "Ó dáa. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà. Àwọn tó tẹ kàlẹ́ńdà yìí ńkọ́, àwọn náà ṣì í gbọ́?"

Pírínsípà ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ, pé ohun tí gbogbo ayé ti gbà kì í ṣe ohun tí tísà kan yóò máa fi bá òbí fà á. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí.

Ìmọ̀ràn mi tí kò ṣiṣẹ́

Mo ní kó fi ọdún bá wọn jà. Ọdún kì í purọ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ka wọ́n fún un lórí fóònù, ó ń kọ. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Albert, Wilberforce àti Soudan, gba Odò Ọya gòkè. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà nínú wọn. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ìgalà, wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko sì tú ká kí ọdún kan tó pé. Ní 1854, William Balfour Baikie wá nínú ọkọ̀ Pleiad, kuiníínì ni wọ́n ń mu lójoojúmọ́, ibà kò sì pa ẹnì kankan nínú wọn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1860, Baikie ti tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà, ó ń ṣòwò, ó ń bá àwọn ọba ilẹ̀ náà dọ́rẹ̀ẹ́. Ní 1886, ọba Gẹ̀ẹ́sì fún Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan, ní ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, wọ́n fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Frederick Lugard sì gba ìṣàkóso Àríwá Nàìjíríà. 1914 ni wọ́n da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, Èkó sì di olú-ìlú. 1976 ni òfin gbé olú-ìlú fún Àbújá. 1991 ni ìjọba kó lọ síbẹ̀ tán, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n há a sórí. Nígbà tó fún wọn ní ìdánwò kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló gba ọdún. Ó wá bi wọ́n ní ìbéèrè ìkẹyìn pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí Lọ́kọ́jà jẹ́ nínú ìtàn. Ìwé ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ló kọ ọ́ pé òun ni olú-ìlú Nàìjíríà àkọ́kọ́. Ọmọ kan tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ 1914 tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Èkó sí.

Ó fi àwòrán àwọn ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wò wọ́n títí. Ohun tó yé mi lọ́jọ́ yẹn ni pé ọdún wọ̀nyẹn kò já mọ́ nǹkan kan nílé wọn. Ti iléèwé ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mọ bí wọ́n ṣe ń ya ti ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti bàbá ẹni, kò sì sí ọmọ tí a bí dáadáa tí yóò fi ọdún mẹ́jọ tí wọ́n kọ sójú pátákó pe bàbá rẹ̀ lónírọ́. Àwa la kó wọn sí wàhálà yẹn. A sọ ọ́ di pé kí wọ́n yan ẹni tí wọ́n máa gbàgbọ́, wọ́n sì yan ẹni tó ń bọ́ wọn.

Ìbéèrè ọmọ Nupe

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni nǹkan yí padà, kì í sì í ṣe èmi ni mo yí i. Wọ́n tún ń fa ọ̀rọ̀ olú-ìlú àkọ́kọ́ nínú kíláàsì. Ọmọ Íbò yẹn dìde, ó ní Àsàbà ni, pé àbúrò bàbá òun tó ń gbébẹ̀ ló sọ ọ́. Kọ́pà kan tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ìhà Kàlàbá, yọjú wọlé, ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kàlàbá ni!" Ariwo sọ. Ìlú mẹ́rin ló wà nílẹ̀ nísinsìnyí pẹ̀lú Èkó, kálukú sì ń na ìka sí tiẹ̀.

Ọmọbìnrin Nupe náà, tí kì í sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, béèrè wẹ́ẹ́ pé, "Má, olú-ìlú ta ni?"

Tísà kọ́kọ́ rò pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Ó ní, "Olú-ìlú Nàìjíríà." Ọmọ náà ní, "Rárá o, Má. Nígbà yẹn, ta ló ń jọba níbẹ̀, àwọn wo ló sì ń jọba lé lórí?"

Ohun tí tísà yìí ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí kọ́. Kò dáhùn. Ó pa gbogbo ohun tó wà lójú pátákó rẹ́, ó kọ ìbéèrè náà síbẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá pín ìlú fún wọn: àwọn kan gba Lọ́kọ́jà, àwọn kan gba Kàlàbá, àwọn kan Àsàbà, àwọn kan Èkó. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ta ló ń ṣàkóso láti ibẹ̀, lórí ilẹ̀ wo, láti ìgbà wo dé ìgbà wo.

Nígbà tí wọ́n kó iṣẹ́ dé, ìjà ti parí láìsí ẹni tó pa á. Àsàbà ni orílé-iṣẹ́ Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tó ní ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ tirẹ̀. Kàlàbá ni wọ́n ti ń ṣàkóso etíkun ìlà-oòrùn, ó sì jẹ́ olú-ìlú Gúúsù Nàìjíríà títí wọ́n fi dà á pọ̀ mọ́ Èkó ní 1906. Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú Àríwá Nàìjíríà nígbà tí Lugard bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1900. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Orílé-iṣẹ́ ṣí lọ sí Jẹ́bbà, ní 1902 ó tún ṣí lọ sí Zungeru, níbi tí wọ́n ti bí Nnamdi Azikiwe ní 1904 torí pé bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, kó tó wá di Kàdúná. Ìjọba mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà ní ọdún 1900, kálukú pẹ̀lú olú-ìlú tirẹ̀. Olú-ìlú kan fún gbogbo Nàìjíríà kò lè sí nígbà tí Nàìjíríà kan kò tíì sí.

Bàbá oníkàlẹ́ńdà kò purọ́, nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan ló já bọ́ lójú ọ̀nà: "Àríwá." Bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló gé e kúrò kó lè gba ojú ìwé, bóyá ẹnu ló jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ nawọ́ sókè ló rí i. Ó ní, "Má, ṣé mo lè sọ fún wọn nílé pé ó ku ọ̀rọ̀ kan péré?" Ó sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́, ó dákẹ́, ó ní kó lọ gbé oúnjẹ wá.

Lórí òkè Patti

Owó ìrìn-àjò lọ sí Lọ́kọ́jà kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Nígbẹ̀yìn, ọmọ mẹ́tàdínlógún ló lọ, bọ́ọ̀sì kan, tísà méjì, èmi náà sì jókòó síwájú. A kúrò lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ dáadáa, a ní àdéhùn pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní bá wa lóde. Ọ̀bájànà ni a gbà, láàrin àwọn tírélà sìmẹ́ńtì. Lójú ọ̀nà, ọmọ kan ní ìyá ìyá òun tó jẹ́ Ọ̀wọ́rọ̀ sọ pé igi ìrókò ló wà nínú orúkọ Lọ́kọ́jà. Dírẹ́bà, tó gbọ́ Haúsá bí ọmọ onílé, ní àwọn Haúsá náà ní ìrókò ni, pé "loko" ni wọ́n ń pè é, "ja" sì ni pupa. Inú bọ́ọ̀sì dùn. Onírúurú èdè ló gbà pé igi kan wà níbẹ̀.

Lórí òkè, níbi ilé ìsinmi Lugard, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú àwọn àlejò kiri ta ìtàn náà bó ṣe yẹ. Ó na ọwọ́ sí odò méjèèjì nísàlẹ̀, ọ̀kan pọ́n díẹ̀, ọ̀kan mọ́ lójú díẹ̀. Ó ní ibí yìí gan-an ni Flora Shaw, ìyàwó Lugard, dúró sí, tó wo omi, tó sì fún Nàìjíríà lórúkọ.

Ọmọbìnrin kan láti Ìjùmú ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúró. Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, mo rí ìka rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ìlà. Ó wá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, a kọ ọ́ níbí pé ìwé ìròyìn Times ti London ló ti kọ orúkọ náà jáde, ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní 1897. Lugard kò tíì gba ibí nígbà yẹn. 1902 ni wọ́n sì gbéyàwó. Báwo ló ṣe jẹ́?"

Àwọn ọmọ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Tísà pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kíá. Ó bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ ìtàn náà. Ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn, pé ọ̀gá tó kọ́ òun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn àlejò kì í lọ láìgbọ́ ọ. Tísà ní kí àwọn ọmọ kọ méjèèjì: ohun tí wọ́n ń sọ lórí òkè, àti ohun tí ọdún fi hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọrọ ìwé ọmọ yẹn, ó fi fóònù ya ojú ewé náà.

Wọ́n rí ibojì àwọn òyìnbó. Wọ́n gbọ́ pé Lọ́kọ́jà náà ni wọ́n kó àwọn ẹ́mírì tí wọ́n rọ̀ lóyè wá, pé Aliyu tó jẹ́ ẹ́mírì Kano kúrò lórí oyè ní 1903, ìlú yìí ló gbé títí ó fi kú ní 1926. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà ní, "Olú-ìlú fún àwọn kan, ẹ̀wọ̀n fún àwọn kan." Tísà ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 1897

Bí a ṣe ń padà bọ̀ tí Kàbbà ń yọ lókèèrè, ọmọbìnrin onídáàtì yẹn tẹ̀ síwájú sí àga wa. Ó ní, "Má, ẹ wò ó. 1897 wà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé mi."

Òótọ́ ni. Oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an tí orúkọ Nàìjíríà jáde ní London ni ọmọ ogun Royal Niger Company, pẹ̀lú George Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ náà, fúnra rẹ̀, fi Lọ́kọ́jà sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Kàbbà pẹ̀lú àwọn aláàárù tó ru ìbọn ńlá lórí. Ọmọ ogun Nupe ló dó sí Kàbbà nígbà náà. Wọ́n ti kúrò kí ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà tó dé láti Lọ́kọ́jà. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé Nupe kò ní jọba lé Kàbbà lórí mọ́, wọ́n sì yí lọ sí Bídà. Kí oṣù náà tó parí, Bídà ti ṣubú. Ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn, bí wákàtí méjì la fi rìn ín nínú bọ́ọ̀sì.

Títí di ọjọ́ yẹn, Lọ́kọ́jà jẹ́ ìlú tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ láìsí wa nínú rẹ̀. Nísinsìnyí ó wọ ilé. Tísà ní kí wọ́n lọ béèrè ogun Nupe lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ wá títí ìwé fi kún: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń san, àwọn ìlú tó sá gun orí òkè. Ìyá àgbà kan mú àwọn ọmọ mẹ́rin lọ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kúrò, ihò ìlọta yọ lára àpáta, mẹ́fà lórí ìlà, ó jìn tó ọwọ́ ọmọdé dé ọrùn ọwọ́, inú rẹ̀ sì ń dán. Ìyá náà ní, "Ìyá ìyá mi lọ ata níbí. Wọn kì í dáná lọ́sàn-án, torí èéfín." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó tutù.

Níbi tí inú wa ti ń dùn yìí la ti ṣe àṣìṣe tó burú jù. Ọjọ́ tí wọ́n ka àwọn ìtàn yẹn nínú kíláàsì, bí ẹnì kan ṣe dárúkọ Nupe, ogójì ojú yí padà sí ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn wò ó. Ọmọ náà kò wá síléèwé lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta.

Ọmọ tó fún wa ní ìbéèrè tó gbà wá là nìyẹn. Mo ti kọ́ ogun Nupe nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì nígbà ayé iṣẹ́ mi, n kò sì ro ó rí lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ Nupe lè jókòó níbẹ̀. Ó dùn mí títí di òní.

Tísà lọ sí ilé wọn lọ́jà ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá ọmọ náà fún un ní àpótí kó jókòó. Tísà bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ má bínú. Ìtàn yín, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa." Ó ní bàbá bàbá òun jẹ́ apẹja lẹ́bàá odò, kò ní ẹṣin, kò ní ẹrú, àwọn ìjòyè ẹlẹ́ṣin ń gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba iṣu lọ́wọ́ àwọn ará òkè. Nígbà tí ìbọn ńlá dún ní Bídà, ilé àwọn tálákà náà jóná. Ọmọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ìtàn náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó padà síléèwé. Tísà fún un ní àyè, kò fi ipá mú un. Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló jáde síwájú, ó sì ka ti bàbá bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó lè béèrè ìbéèrè tó ṣòro jù: àwọn àgbà wa ń sọ pé òyìnbó ló gbà wá lọ́wọ́ ogun, ṣé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe wá? Wọ́n rí i nínú ohun tí wọ́n ti kọ pé ọjà odò ni ilé-iṣẹ́ náà ń lé, Nupe sì dí i lọ́nà. Ìsinmi tí àwọn ará orí òkè rí, òótọ́ ni. Owó-orí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san fún ìjọba tuntun, òótọ́ ni pẹ̀lú. Wọn kò pa ọ̀kan rẹ́ nítorí èkejì.

Ọjọ́ ìdíje

Adájọ́ bi wọ́n pé ìlú wo ni olú-ìlú Nàìjíríà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ dáhùn pé, "Sà, Nàìjíríà wo? Ti Àríwá ni, ti Gúúsù ni, àbí ti 1914?" Lọ́kọ́jà ló wà lórí ìwé ìdáhùn adájọ́. Wọ́n yọ máàkì. Ipò kẹrin ni wọ́n mú nínú iléèwé mẹ́fà. Mo wà níbẹ̀, ó sì dùn mí wọra. Àmọ́ mo rí i pé kò sí ọmọ kan nínú wọn tó sunkún. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nínú bọ́ọ̀sì ni bí wọn ì bá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ kó tètè yé adájọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ó gbé irú iṣẹ́ yìí ṣe, díẹ̀ nínú ohun tí a ti yí padà nìyí. A kì í fi "irọ́ ni" tàbí "ẹ ṣì í gbọ́" bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun tí ọmọ bá gbé wá láti ilé, a ó kọ́kọ́ wá ibi tí òtítọ́ rẹ̀ wà, torí pé ọ̀rọ̀ kan ló sábà máa ń já bọ́ nínú rẹ̀. Ìlà ọdún wúlò lẹ́yìn tí ìbéèrè bá ti wà nílẹ̀, bíi ti ọmọ orí òkè Patti. Kó tó dìgbà náà, ẹrù lásán ni. Kí ẹ tó kọ́ ìtàn ogun èyíkéyìí, ẹ wo ojú àwọn tó jókòó síwájú yín, kí ẹ mọ ọmọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jáde lẹ́nu yín, kí ẹ sì lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ tètè lọ bá àwọn ìyá àgbà. Ìyá tó mú àwọn ọmọ lọ sórí àpáta kò lè gun òkè mọ́ báyìí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdíje, bàbá oníkàlẹ́ńdà tún dé. Kò mú kàlẹ́ńdà wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun fẹ́ rí ìwé tí ọmọ òun kọ. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó wọ awò, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ẹ kò kọ ti 1991 dáadáa." Tísà ní kó wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ó dìde. Ó ní Ìlọrin lòun wà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún yẹn nígbà tí wọ́n kéde Ìpínlẹ̀ Kogí lórí rédíò, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ìhà ibí kó lọ sí Lọ́kọ́jà. Kò sí ilé. Òun àti àwọn mẹ́ta sùn sórí tábìlì ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, fáìlì ni wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí. Ọmọbìnrin Nupe náà nawọ́ sókè. Ó ní, "Bàbá, olú-ìlú ta ni nígbà yẹn?"

Bàbá bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Ìbéèrè gidi lo bi mí. Ẹ jẹ́ kí n jókòó."